Ilé Ẹjọ́ Ní Kí Wọ́n Gba Ọmọ Wọlé: Ṣé Ó Ti Parí Nìyẹn?

"Ẹ̀yin lọ́yà wa, ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n gba ọmọ mi wọlé. Ó ti bọ́ nìyẹn, àbí?" Kò tíì bọ́. Ẹjọ́ kan wà ní Íńdíà, lórí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ni ní homeopathy, Ayurveda àti Unani, ìyẹn àwọn ọ̀nà ìwòsàn tó yàtọ̀ sí ti dókítà òyìnbó. Ẹjọ́ náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Oyè gidi ni homeopathy ní Íńdíà. BHMS ni wọ́n ń pè é: ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọdún kan lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. Òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ṣe NEET, ìdánwò kan náà tí àwọn tó fẹ́ di dókítà òyìnbó ń ṣe. Ẹ fi wé JAMB tiwa, àmọ́ 720 ni gbogbo máàkì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ nìyí. Òfin ní kí ọmọ dé "50" nínú NEET, àmọ́ "50" yìí kì í ṣe ìdajì máàkì. Ẹ to gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò náà láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gbẹ̀yìn, kí ọmọ ṣáà ti wà ní ìdajì tòkè. Ní 2019, máàkì 134 ti gbé èèyàn débẹ̀. Ní 2020, ó di 147. Fún àwọn ẹ̀yà tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́, 40 ni dípò "50" yẹn.

Síbẹ̀, àga ṣófo ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Ọmọ tó bá yege dáadáa, iṣẹ́ dókítà òyìnbó tàbí ti eyín ló ń sáré lọ. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tó ti kọ́lé, tó ti gba olùkọ́ síṣẹ́, gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ò rí bíi ti dókítà òyìnbó, kí wọ́n yé fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn. Ilé ẹjọ́ fún wọn ní àṣẹ onígbà díẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ọmọ tí máàkì wọn ò tó.

Àṣẹ onígbà díẹ̀ yìí ni kí ẹ fojú sí. Adájọ́ ò tíì gbọ́ ẹjọ́ tán nígbà tó fún wọn; kí ọdún má baà kọjá lórí ọmọ ló ṣe fún wọn. Ẹ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ dópin, gbólóhùn kan sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pé ohun tí ìdájọ́ bá sọ nígbẹ̀yìn ni ìgbaniwọlé náà dúró lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba owó ilé ìwé, ẹnikẹ́ni kì í ka gbólóhùn yẹn sókè.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́bi. Ó ní aláìsàn làwọn yìí náà ń tọ́jú, pé àga tó ṣófo kì í ṣe ìdí láti máa kó dókítà aláàbọ̀ ẹ̀kọ́ jáde. Àwọn ọmọ tó ti wọlé ńkọ́? Àwọn tó wọlé ṣáájú ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, 2018, tí ìgbaniwọlé ọdún náà parí, ni wọ́n ní kí wọ́n máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Wọ́n fi kún un pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ka sí i lọ́la láti fi jàre. Àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Lójú tèmi, ẹ̀dùn ọkàn àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi dán òfin wò.

Láti oṣù Keje, 2021, tí òfin tuntun lórí homeopathy ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, NEET ti wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá sọ fún yín pé wọ́n ti dín máàkì kù, ẹ bi í léèrè ẹni tó dín in. Bó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n mú ìwé ìkéde ọdún yẹn gan-an wá. Bó bá jẹ́ àṣẹ onígbà díẹ̀ ni wọ́n nà sí yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹjọ́ tún máa wáyé, kí ẹ sì jẹ́ kí owó yín ṣì wà ní báńkì.