Ohun tó yẹ kó kúrò lójú slide kí ẹ̀kọ́ tó lè wọlé

Slide kan rèé nínú ẹ̀kọ́ yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí bí ọkàn ṣe ń tari ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Àwòrán ọkàn wà lápá òsì, ìpínrọ̀ méjì wà lápá ọ̀tún. Wọ́n kọ lẹ́tà A títí dé H sára àwòrán náà, ìtumọ̀ wọn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Olùkọ́ wá ń ka ìpínrọ̀ méjèèjì sókè ketekete.

Ó jọ pé kò sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n ojú akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jìyà. Ó ń ka ọ̀rọ̀, ó sáré lọ wo àwòrán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ohun tí D dúró fún. Kó tó gòkè padà, olùkọ́ ti kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ojú máa ń yára kàwé ju ẹnu lọ, torí náà ohun tó ń kà àti ohun tó ń gbọ́ kò lè jọ rìn.

Ọpọlọ ní ibì kan tó ń gbé ohun tí ojú rí sí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní ibòmíì fún ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́. Alan Baddeley àti Graham Hitch, àwọn onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ronú, ló ṣàlàyé ìpín yìí lọ́dún 1974. Àtẹ kékeré ni ibẹ̀, kì í ṣe àká: nǹkan bíi mẹ́rin ló lè dúró lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òmíràn bá dé, ọ̀kan nínú ti tẹ́lẹ̀ á já bọ́. Richard Mayer ti Yunifásítì California ní Santa Barbara fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò, ó sì rí i pé àwòrán pẹ̀lú ohùn sábà máa ń yéni ju kí wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ tí ohùn ń sọ síbẹ̀ lọ.

Àtúnṣe slide wa, yíyọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìpínrọ̀ méjèèjì á kúrò, olùkọ́ ṣáà ń sọ wọ́n. Lẹ́tà á kúrò, orúkọ yàrá ọkàn kọ̀ọ̀kan á wà lára yàrá náà gan-an. Ohun kan ṣoṣo tí a máa fi kún un ni ọfà. Bí olùkọ́ bá ti ní ẹ̀jẹ̀ wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọfà á ti yọ. Ẹ̀jẹ̀ sọ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ọfà tẹ̀ lé e. Ó lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó gba apá òsì wọlé padà. (Apá ọ̀tún ọkàn máa ń bọ́ sí apá òsì ẹni tó ń wo àwòrán. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ kí ọfà tó gbéra.) Orin tó ń dún lábẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n pa á.

Lọ́dún 2014, olùwádìí Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ edX (ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì) wo fídíò wò, wọ́n sì rí i pé fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ ni wọ́n máa ń dúró wò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń fi aago gé fídíò, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu. Ibi tí ìtumọ̀ bá ti parí ló yẹ ká ti gé e. Ìrìn ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fídíò kan, ìrìn rẹ̀ lọ sí ara jẹ́ èkejì. Ìbéèrè kan á wà láàárín wọn: bí ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá pa dé dáadáa, ibo ni ẹ̀jẹ̀ á padà sí? Ẹni tó bá dáhùn ti lo ohun tó rí, kò kàn wò ó kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fídíò yàtọ̀ sí ìpínrọ̀ tí a yọ. Ó gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí kò gbọ́ràn àti ẹni tí èdè olùkọ́ kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kí ẹni tí kò nílò rẹ̀ sì lè pa á. WCAG, ìlànà àgbáyé fún mímú kí ìkànnì ṣeé lò fún gbogbo èèyàn títí kan abirùn, tún ní kí àwọ̀ ọ̀rọ̀ kéékèèké àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ síra tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ lórí funfun kì í sábà dé ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ dátà. Fídíò tó ń lo mégábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ nǹkan bíi 450MB ní wákàtí kan, torí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, MB sì ni mégábáìtì. Ohùn nìkan, ní kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ju 29MB lọ. Nítorí náà ó dáa kí ohùn wà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọfà wa kò lè bá ohùn lọ, àfi kí wọ́n fi àwòrán mẹ́rin tí kì í rìn tẹ̀ lé e, kí ọfà dúró sí yàrá kan nínú ìkọ̀ọ̀kan.