Wúrà Àfonífojì Odò Klondike

Klondike jẹ́ odò kan ní agbègbè Yukon, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kánádà. Ìlú Dawson ló ti ń ṣàn wọnú odò ńlá Yukon. Àwọn èèyàn Hän tó ni ilẹ̀ náà ń pè é ní Tr'ondëk, orúkọ tó jẹ mọ́ òkúta tí wọ́n fi ń gbá èèkàn ìpẹja mọ́ ìsàlẹ̀ omi, torí ẹja sámọ́nì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àlejò tí ahọ́n wọn ò yí Tr'ondëk ló sọ ọ́ di Klondike.

Láyé àtijọ́, nígbà tí òkìtì yìnyín bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Kánádà, kò bo àfonífojì yìí. Ìdí nìyẹn tí wúrà tí omi wọ́ wálẹ̀ láti ara òkè fi jókòó síbi tó rì sí, lórí àpáta ìsàlẹ̀ odò, tí yìnyín ò gbá a lọ.

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 1896 ni wọ́n rí wúrà náà ní Rabbit Creek, odò kékeré tí wọ́n padà sọ di Bonanza Creek. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni Keish, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Skookum Jim. Káa Goox, ọmọ ẹbí rẹ̀. Àti George Carmack, ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ Shaaw Tláa, arábìnrin Keish. Carmack ló forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ rí i, òfin sì fún un ní ilẹ̀ méjì dípò ẹyọ kan. Àwọn ẹbí Keish kò yéé sọ pé Keish ló rí i, ó sì yẹ ká máa dárúkọ rẹ̀ ṣáájú. Robert Henderson, ará Nova Scotia, ló kọ́kọ́ ní kí Carmack wá wúrà wá sí agbègbè náà, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn àna Carmack. Nígbà tí wọ́n rí tiwọn, wọn ò ránṣẹ́ sí i. Kó tó gbọ́, èèkàn tí àwọn ẹlòmíì fi sàmì sí ilẹ̀ tiwọn ti kún etí odò.

Oṣù Keje 1897 ni ọkọ̀ ojú omi Excelsior kó wúrà gúnlẹ̀ sí San Francisco, tí Portland náà sì gúnlẹ̀ sí Seattle. Bí ìròyìn náà ṣe tàn, nǹkan bí 100,000 èèyàn ló gbéra lọ sí Klondike. Àwọn tó dé ibẹ̀ kò tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ gba òkè Chilkoot, tó wà láàárín Alaska àti Kánádà. Àwọn ọlọ́pàá tó wà ní ẹnubodè kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ Kánádà láìní oúnjẹ àti irinṣẹ́ tó lè tó o lọ́dún kan, ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi pọ̀n ọ́n: wọ́n á gbé díẹ̀ gòkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún gbé òmíì. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, 1898, yìnyín ya lulẹ̀ lórí òkè náà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 60.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ilẹ̀ tó dáa ti tán. Lára àwọn tó ṣì rí tiwọn gbà ni Lucille Hunter, ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, tó fi oyún rin ọ̀nà Stikine pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló bímọ sí, ní Teslin, wọ́n sì fi orúkọ ibẹ̀ sọ ọmọbìnrin náà.

Iṣẹ́ náà nira ju ìrìn àjò lọ, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi tọdún tọdún. Lálẹ́, wọ́n á kó igi sí ìsàlẹ̀ kòtò, wọ́n á dáná sí i. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kó eérú kúrò, wọ́n á gbẹ́ ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tó ti rọ̀, wọ́n á fi okùn àti garawa fà á sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe títí wọ́n á fi kan àpáta. Iyẹ̀pẹ̀ náà á tún dì níta, á wà ní òkìtì títí omi odò á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa dà á sínú gọ́tà onípákó tí wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú inú rẹ̀. Omi á gbé yanrìn lọ, wúrà tó wúwo á há sẹ́yìn igi, bí òkúta ṣe máa ń rì sísàlẹ̀ igbá nígbà téèyàn bá ń fi omi ṣan ẹ̀wà.

Àwọn Hän ló jìyà rẹ̀ jù. Àwọn àlejò gba ibùdó ìpẹja wọn, wọ́n sì gé igbó lulẹ̀ fún iná yìí. Ní 1897, Olóyè Isaac, olórí wọn, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí abúlé Moosehide. Ó tún fi àwọn orin ìbílẹ̀ wọn pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Alaska, kí wọ́n má bàa pa run.

Ní 1899, ìròyìn wúrà Nome ní Alaska kó ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò ní Dawson. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ra ilẹ̀ wọn, wọ́n sì gbé ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ wá, ẹ̀rọ tó léfòó lórí omi tó ń fi garawa onírin wọ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Dredge No. 4, tí wọ́n kàn ní 1912, ṣiṣẹ́ títí di 1959, ó sì wà létí Bonanza Creek di òní. Òkìtì òkúta tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn ṣì tò káàkiri àfonífojì.

UNESCO fi Tr'ondëk-Klondike sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2023. Iṣẹ́ wúrà kò tíì dáwọ́ dúró níbẹ̀: ní oṣù Kẹfà 2022, awakùsà kan tó ń wa ilẹ̀ dídì ní Eureka Creek bá ọmọ mámọ́ọ̀tì kan pàdé, ẹranko onírun tó jọ erin. Ó ti kú láti ohun tó lé ní 30,000 ọdún, síbẹ̀ awọ àti irun ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà Tr'ondëk Hwëch'in, ìyẹn àwọn Hän tó ni ilẹ̀ náà, sọ ọ́ ní Nun cho ga.