Pálíétíìfù tí kì í ṣe ìrẹsì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ dédé wú, a rò pé eyín ni, ìyá ẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó o, kò lọ, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán ní ọsibítù ni wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Burkitt. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kímò, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ni dọ́kítà wá ní àwọn onípálíétíìfù náà máa wá rí wa. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ní, "Ṣé kí n lọ mú báàgì wá ni?" Wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì ni o. Mi ò bá màmá wí, ṣebí láti ìgbà Kòrónà ní 2020 títí dé 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, pálíétíìfù tí gbogbo wa mọ̀ l'Abẹ́òkúta ò ju ìrẹsì àti indómì tí èèyàn ń tò sí láìnì gbà, tí kì í sì í kárí. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ bú sẹ́kún, torí ẹnì kan nínú wọ́ọ̀dù ti sọ fún un pé àwọn yẹn ni wọ́n máa ń pè tí dọ́kítà bá ti gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn méjèèjì ló ṣì í gbọ́.

Inú èdè Látìnì lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, pallium, aṣọ ìborùn ni ìtumọ̀ ẹ̀. Èmi tí mò ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, ìyẹn yé mi kíá. Aṣọ ò lè lé ọyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí aṣọ bò, á rí oorun sùn. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń gbógun ti ìrora, èébì, àìrí oorun sùn, èémí tó ń há, ìbẹ̀rù, gbogbo nǹkan tí àìsàn ńlá ń kó bá ọmọ àti ilé ẹ̀. Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ni mo kúkú ń pè é báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ àìsàn náà ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kó máa bá ìtọ́jú yòókù rìn, yálà àìsàn ọ̀hún máa lọ tàbí kò ní lọ. Kì í ṣe ọmọ tó ní jẹjẹrẹ nìkan ló wà fún o, ọmọ tí síkúlà ń dà láàmú gan-an, ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ní àbùkù látinú oyún, èyí tí kíndìnrín ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn ló kàn.

Ọ̀rọ̀ ìrora gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn onípálíétíìfù yẹn mú bébà kan jáde, ojú mẹ́fà ni wọ́n yà sí i, ti àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ti ìkẹyìn ń da omi lójú pòròpòrò, ó ní kí ọmọ fọwọ́ kan èyí tó jọ bó ṣe ń ṣe é. Ìyá ẹ̀ ti ní kò dùn ún tóyẹn, pé ọmọ yẹn ò kàn fẹ́ràn ariwo ni ló ṣe dákẹ́. Ojú karùn-ún lọmọ fọwọ́ kàn. Ọmọ ti mọ̀ pé tóun bá ti ké, ìyá òun á sunkún, ó bá ń pa á mọ́ra.

Mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára tó jẹ́ ìbátan kodíìnì, ni wọ́n wá kọ fún un, ẹ ṣáà fojú inú wo bí màmá ṣe fò dìde. Wọ́n ní ṣé kí wọ́n wá sọ ọmọ di ọmọ ìta ni, ìjọba ò ha ti fòfin de kodíìnì. Lóòótọ́, 2018 ni wọ́n fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì nínú, torí àwọn tó ń fi í ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lẹni tó ń mu oògùn kó lè yó, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń mu ún torí ìrora, ìwọ̀n ara ọmọ ni dọ́kítà fi ń ṣírò bó ṣe máa mu, tí ìrora bá sì ti lọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń dín in kù títí á fi kúrò. Sìrínjì tí ò labẹ́rẹ́ la fi ń fún un lẹ́nu ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, a ò ní dúró kó ké ká tó fún un, torí tí ìrora bá ti gbilẹ̀ tán, kó tó rọlẹ̀ á ṣiṣẹ́. Oorun kùn ún lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ náà le, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa, wọ́n fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ta ló rántí ìyẹn? Àwọn onípálíétíìfù yẹn ni wọ́n béèrè ẹ̀, tí wọ́n pè é jókòó, ibẹ̀ ló ti sọ pé òun rò pé ẹ̀ṣẹ́ tóun gbá àbúrò òun ló fa wíwú yẹn. Oṣù méjì ló ti gbé e kiri. Wọ́n sì tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹlòmíì wá dúró, ó kọ̀, ó tún kọ̀, ọjọ́ tó gbà, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló jí.

Ibi tó le ni pé tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́, wọn ò ní sá. Wọ́n á jọ sọ ọ́ pẹ̀lú òbí, wọ́n á bi wọ́n bóyá ilé ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ wà, wọ́n á sì máa bẹ àwọn òbí wò lẹ́yìn ìgbà náà. Tiwa níbí, ẹni tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀, a ní kó má sunkún, pé òmíì á wá, a ò ní dárúkọ ọmọ mọ́. Kò dáa. Ọmọ tó kú ní orúkọ.

Obìnrin kan, Cicely Saunders, ló dá ilé ìtọ́jú irú ẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1967, ilé tàwọn ọmọdé àkọ́kọ́ wá ṣí ní Oxford ní 1982, Uganda bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1993, UCH, ọsibítù ńlá yunifásítì n'Íbàdàn, náà ń ṣe é. Síbẹ̀, nínú 100 ọmọdé tó nílò ẹ̀ láyé, 98 ló wà láwọn ilẹ̀ tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó bíi tiwa. Torí náà, ẹ máa béèrè, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá fi lọ̀ yín.

Ọmọ tiwa ti parí kímò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wálẹ̀, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́fíìnì tó ṣẹ́kù nínú ìgò, màmá fúnra wọn ló gbé e padà sí fámásì ọsibítù.