Yíyí ìwé àtijọ́ padà sí eré ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Yíyí ìwé padà sí eré ni kí á mú ìtàn tí wọ́n kọ fún kíkà, tàbí eré tí wọ́n kọ fún èrò ibòmíràn, kí á tún un gbé kalẹ̀ lórí ìtàgé tàbí nínú fíìmù. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, orúkọ méjì ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí: Hubert Ògúndé (1916–1990), ọmọ Òsósà, àti Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, tí wọ́n bí ní Ẹ̀rúnwọ̀n ní 1946. Ọ̀nà wọn kò jọra. Ògúndé kó eré ara rẹ̀ láti orí ìtàgé wọ inú fíìmù. Ọ̀ṣọ́fisan kó eré Gíríìkì àti ti Rọ́ṣíà wá sílẹ̀ yìí.

Ògúndé: láti orí ìtàgé sí fíìmù

Inú Bíbélì ni Ògúndé ti mú eré rẹ̀ àkọ́kọ́, Garden of Eden and the Throne of God, tí wọ́n ṣe ní Glover Memorial Hall l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1944. Èrò ti mọ Ádámù àti Éfà kí wọ́n tó jókòó, nítorí náà orin àti ijó lè gba ibi tí àlàyé ìbá gbà. Orin ìṣíde tí àwọn òṣèré alárìnjò ń pè ní "opening glee" tún ń ran irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó sábà máa ń fẹnu ba ohun tí eré dá lé kí ìran kìíní tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1979, Aiye, tó ti jẹ́ eré orí ìtàgé, di fíìmù. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Jaiyesimi tẹ̀ lé e ní 1980, Aropin N'Tenia ní 1982, Ayanmo ní 1988. Àkọtọ́ àtijọ́ ni "aiye" tó wà nínú orúkọ méjì àkọ́kọ́. "Ayé" ni ìlànà 1974 ní kí á máa kọ.

Àjẹ́ àti ìparadà wà lára ohun tí èrò ń wá wò nínú irú eré báyìí, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ìtàgé àti fíìmù ti hàn jù. Lórí ìtàgé, ẹni tó fẹ́ di ẹyẹ gbọ́dọ̀ ríbi sá sí: wọ́n á pa iná, onílù á fi ìlù bo ariwo ẹsẹ̀, ẹlòmíràn tó ti wọ aṣọ ẹyẹ á sì yọ. Nínú fíìmù, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí wọ́n dá a dúró, kí òṣèré kúrò, kí wọ́n gbé ẹyẹ sójú ibi tó dúró sí gẹ́lẹ́, kí kámẹ́rà sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fara kan kámẹ́rà láàárín kan, àwòrán á fò. Bí ẹyẹ bá pẹ́ kó tó dé, òjìji á ti sún, ojú á sì mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan níbẹ̀.

Ọ̀ṣọ́fisan: eré òkèèrè lórí ilẹ̀ Yorùbá

The Government Inspector tí Gogol, òǹkọ̀wé Rọ́ṣíà, kọ, tó kọ́kọ́ dé orí ìtàgé ní 1836, ló di Who's Afraid of Solarin? Nínú ti Gogol, àwọn aṣáájú ìlú kékeré kan gbọ́ pé aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ìwé wọn wò. Ọwọ́ wọn kò mọ́, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìkẹ́ ọ̀dọ́kùnrin jayéjayé kan tí wọ́n ṣì mú fún un. Ọ̀ṣọ́fisan gbé e wá sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Nàìjíríà, ó sì fi kọmíṣánnà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú rọ́pò aṣojú náà. Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956, ti wà nípò bẹ́ẹ̀ rí. Kò gba gbẹ̀rẹ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti lé oorun lójú ẹni tó jẹ owó ìlú.

Ọ̀ṣọ́fisan kò tú ọ̀rọ̀ Gogol ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ló wá kàn. Bí èyí bá bọ́ sí i, nǹkan tó kù á máa tò tẹ̀ lé e. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé orúkọ a máa dàgbà. Ṣólàrín kú ní 1994, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ni kò sì mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣe eré náà lónìí ní láti fi gbólóhùn kan tàbí orin kúkurú kan sọ irú ènìyàn tó jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Tegonni (1994) mú Antigone ti Sophocles wá sí àsìkò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Antigone fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin tí eré Gíríìkì náà dá lé, sì wọ inú eré náà wá bí àlejò, èyí tí ẹni tó ń fi orúkọ Yorùbá bo orúkọ Gíríìkì mọ́lẹ̀ kò ní dán wò. Women of Owu (2004) wá láti inú The Trojan Women ti Euripides. Ogun Gíríìkì tó run ìlú Troy di àpapọ̀ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tó run ìlú Òwu. Ègbè àwọn obìnrin Troy rí ilé gbé láìwá a jìnnà, nítorí obìnrin tó ń dárò pẹ̀lú orin, tí àwọn yòókù ń gbè é, kì í ṣe àjèjì sí etí Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú, ọmọ àwọn tó ṣẹ́gun ló jókòó ń wò ó. Olùdarí tó bá bu ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú kù nínú rẹ̀ kí inú èrò má baà bàjẹ́ ti mú egungun ẹ̀yìn eré náà kúrò.

Bí wọ́n ṣe ń gé ìwé

Ìtàn àròsọ olójú ewé 160, tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300, jẹ́ ọ̀rọ̀ 48,000. Bí òṣèré bá ń sọ ọ̀rọ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 40. Eré wákàtí méjì tí orin àti ijó gba ìṣẹ́jú 30 nínú rẹ̀ kò gbà ju ọ̀rọ̀ 10,800 lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwé náà. Gígé kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe ohun tí à ń gé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá gé ìsinmi àárín wọn. Eré á máa sáré, kò sì ní sí ìran kan tó ráyè wọ èrò lára.

Asọ̀tàn ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ohun tó ń sọ nínú ìwé, bí àpẹẹrẹ pé ọkàn Ọba dàrú, kò ní ẹnu tí yóò gbà jáde lórí ìtàgé. Wọ́n lè fún ègbè ní orin rẹ̀, wọ́n lè fún onílù, tàbí kí Ọba gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìfẹ́ ara. Fífún ìránṣẹ́ kan pé kó wá sọ ọ́ ni èyí tó rẹ̀yìn jù nínú gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ òun ló wọ́pọ̀.

Ìwé àtijọ́ mìíràn kò ní àmì ohùn tó pé. Kí wọ́n tó kà á papọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó yẹ kí ẹnì kan ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀, pàápàá oríkì àti ọfọ̀. Òṣèré tó bá ti há ọ̀rọ̀ sórí pẹ̀lú ohùn òdì ṣòroó tún ṣe. Ní ti èdè Ìjẹ̀bú, kí ẹ̀dá-ìtàn kan tàbí méjì máa sọ ọ́ ṣáká ti tó. Kí wọ́n gba ohùn àgbàlagbà kan sórí fóònù, kí òṣèré máa fi kọ́ra. Àfarawé tí kò dénú máa ń pa èrò lẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n sunkún.

Ohun tí èèwọ̀ wà fún ń fẹ́ ọgbọ́n tirẹ̀. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí òrìṣà Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú, nítorí náà wọn kì í gbé e jáde sójú èrò. Obìnrin inú ilé, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, fìtílà tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, àti ohùn láti òde ti tó.

Fíìmù

Bí wọ́n bá tẹ ìwé eré fíìmù bó ṣe yẹ, ojú ewé kan á jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò náà kì í bá orin àti oríkì mu, nítorí náà kí wọ́n fi aago wọn ìyẹn lọ́tọ̀. Kámẹ́rà tún ń fẹ́ ohùn kékeré. Òṣèré orí ìtàgé tó bá ń pariwo bíi pé ó fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn gbọ́ ti ba fíìmù jẹ́. Maami (2011) tí Túndé Kèlání darí wá láti inú ìwé Ọ̀ṣọ́fisan.

Ẹ̀tọ́

Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ìwé wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. D. O. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà ó di òpin 2033. Ti Ògúndé di òpin 2060. Àyè ìtàgé yàtọ̀ sí àyè fíìmù, kí ìwé àdéhùn sì dárúkọ èyí tí wọ́n gbà. Sophocles àti Gogol kò ní ẹ̀tọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lè ní tirẹ̀, inú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sì ti ń kà wọ́n.