Ibi tí Ìgbìmọ̀ Àdúgbò Skọ́tlándì ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ìgbà tí ìgbìmọ̀ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ní Skọ́tlándì, ọdún 1973 ni púpọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ. Ọdún yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ́nù ṣe òfin tó tún ìjọba ìbílẹ̀ Skọ́tlándì tò, òfin náà ló sì fún ìgbìmọ̀ àdúgbò lórúkọ àti ipò. Mi ò bá wọn jiyàn lórí orúkọ. Iṣẹ́ ni mò ń sọ. Pé kí àwọn tó ń gbé ibì kan péjọ, kí wọ́n wo ohun tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ sáàárín wọn, kí wọ́n sì sọ tinú wọn kí ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀: ó ti lé ní 700 ọdún tí iṣẹ́ yìí ti wà ní ilẹ̀ náà, àwọn aládùúgbò fúnra wọn ló sì dá a sílẹ̀.

Inú oko ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ilẹ̀ oko ní ọ̀pọ̀ abúlé Skọ́tlándì kì í wà lójú kan fún olóko kan. Ebè gígùn-gígùn ni wọ́n pín in sí, ti oníkálukú á wà káàkiri láàárín ti àwọn yòókù. Ẹni tó ń dáko báyìí kò lè dá pinnu ọjọ́ tí yóò túlẹ̀ tàbí ọjọ́ tí yóò da ẹran sórí pápá, nítorí ẹ̀gbẹ́ ebè aládùúgbò rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ibẹ̀ ni kóòtù birlaw ti jáde. Àwọn aládùúgbò a fẹnu kò, wọn a yan àwọn tí wọ́n fọkàn tán láàárín ara wọn, àwọn wọ̀nyí a búra, wọn a sì máa gbọ́ ẹjọ́ ẹran tó jẹ oko olóko, ọgbà tó wó, àti ààlà tí ẹnì kan sún. Sir John Skene, amòfin tó ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ òfin Skọ́tlándì ní 1597, sọ ọ́ gbangba: òfin birlaw ni èyí tí àwọn aládùúgbò fi ìfohùnṣọ̀kan ṣe, tí àwọn tí gbogbo wọn jọ yàn sì fi ń dá ẹjọ́ aládùúgbò sí aládùúgbò. Kò dárúkọ ọba níbẹ̀, kò sì dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù.

Èdè àwọn Norse, àwọn ará Skandinéfíà ayé àtijọ́, ni ọ̀rọ̀ birlaw ti wá, òfin abúlé ló sì jẹ́ lẹ́nu wọn. Láti bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ni àwọn Norse ti ń tẹ̀dó sí àwọn erékùṣù àti etíkun ìhà àríwá Skọ́tlándì, wọ́n sì gba apá tó pọ̀ nínú àríwá Ẹ́ńgíláǹdì. Lójú tèmi, orúkọ nìkan ni àwọn àjèjì yìí mú wá. Ibikíbi tí èèyàn bá ti ń pín ilẹ̀ ní ebè-ebè láàárín ara wọn, dandan ni kí wọ́n ní àwọn tí yóò máa dá sí ọ̀rọ̀ ààlà, yálà Norse dé ibẹ̀ tàbí kò dé. Mo gbà pé àwọn ará Skọ́tlándì ti ń ṣe é kí wọ́n tó rí orúkọ fún un. Ó sì pẹ́ kó tó kú: ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù Stitchill ní Roxburghshire, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1655 tó sì dé 1807, ṣì wà nílẹ̀, àwọn ọkùnrin birlaw sì ń jáde nínú rẹ̀ bí ẹni tí gbogbo abúlé mọ iṣẹ́ wọn.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, Ọba David Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìlú ọlọ́jà ní ìwé àṣẹ. Burgh ni wọ́n ń pè wọ́n. Berwick, Roxburgh, Edinburgh àti Stirling ló ṣáájú, orúkọ àwọn mẹ́rin yìí náà ló sì wà lára òfin tí gbogbo burgh ń lò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ìlú: ojú kékeré sí títì, ẹ̀yìn gígùn lọ títí. Ebè oko ni wọ́n gbé wọ ìlú! Kódà orúkọ kan náà, rig, ni wọ́n ń pe ti oko àti ti ìlú. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn tó kúrò lóko wá di ará ìlú gbé ìwà birlaw wọn dání wá. Àwọn òpìtàn kan ní inú àṣà Newcastle, ìlú kan ní àríwá Ẹ́ńgíláǹdì, ni wọ́n ti ṣàdàkọ òfin burgh, àwọn mìíràn sì ń tọ́ka sí Mainard, ará Flanders tí bíṣọ́ọ̀bù St Andrews gbé wá láti Berwick nígbà tó ń dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fa ìlà ìlú lọ́tọ̀, ẹni tí yóò máa bá aládùúgbò rẹ̀ gbé lórí ìlà náà lọ́tọ̀.

Nínú òfin burgh yẹn, tí ẹ̀dà rẹ̀ tó pẹ́ jù lọ wá láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kẹtàlá, a rí àwọn tí mo ń pè ní awọnlẹ̀. Àwọn ará ìlú ló ń yàn wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ búra pé àwọn yóò wọn ilẹ̀ ní gígùn àti ní ìbú gẹ́gẹ́ bí ààlà tòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó ń bá ẹnìkejì jà lórí ògiri á ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn á sì wá dúró lórí ilẹ̀ náà gan-an, níṣojú ẹni tó ni ín àti níṣojú àwọn tó bá a pààlà. Nígbà yẹn, ohun ìṣojú ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé nìkan kò tó, àfi kí wọ́n bu erùpẹ̀ àti òkúta ilẹ̀ náà lé e lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Ọdún 1845 ni òfin tó mú erùpẹ̀ àti òkúta yẹn kúrò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọ̀rọ̀ tó ará ìlú létí náà wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni burgh ń ṣe ìpàdé ńlá, lẹ́yìn ọdún Máíkẹ́lì Mímọ́, lẹ́yìn Kérésìmesì àti lẹ́yìn Àjíǹde. Gbogbo ọmọ ìlú tó ní ìwé ẹ̀tọ́ ló gbọ́dọ̀ wá, ẹni tí kò bá sì yọjú á san owó ìtanràn. Agogo ni wọ́n fi ń pè wọ́n, nígbà tó yá wọ́n fi ìlù kún un, orí pẹpẹ òpó òkúta tó wà láàárín ọjà ni wọ́n sì ti ń ka ohun tí ìgbìmọ̀ pinnu sétí gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá rìn gba àárín Edinburgh kọjá lónìí, ẹ ó rí irú òpó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles. Mi ò ní sọ pé gbogbo èèyàn ló ní ohùn níbẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́, àwọn alágbàṣe àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin kò ní ìwé ẹ̀tọ́, nítorí náà ìta ni wọ́n wà. Nígbà tó di 1469, òfin kan tún ní kí ìgbìmọ̀ tó ń kógbá sílé máa yan ìgbìmọ̀ tuntun fúnra rẹ̀, àwọn olówó díẹ̀ sì há ìlú mọ́wọ́ títí di àtúntò 1833.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kóòtù Dean of Guild ló sì gbà á là. Olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò ni Dean of Guild. Ní Edinburgh, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìjà àárín oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní 1583, níṣojú Ọba James Kẹfà, àwọn méjèèjì jọ ń jókòó nínú kóòtù yìí, ọ̀rọ̀ aládùúgbò sí aládùúgbò sì di tirẹ̀ pátápátá. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á mú ẹ̀bẹ̀ wá. Wọ́n á pe àwọn tó bá a pààlà. Bí àríyànjiyàn bá wà, kóòtù á dìde lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀lé àti gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n á wo bóyá ilé tuntun náà yóò dí fèrèsé ẹlòmíràn tàbí da omi òjò sí i lórílé, kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí bí kò bá ṣe ohun tí à ń pè ní ètò ìkọ́lé pẹ̀lú ohùn ará àdúgbò?

Àwọn kan fẹ́ kí a gbà pé inú ìpàdé ọmọ ìjọ ní Ẹ́ńgíláǹdì ni gbogbo èyí ti ṣẹ̀, àwọn ìpàdé tí òfin 1894 sọ di ìgbìmọ̀ páríìṣì. Ọ̀rọ̀ tálákà, ọ̀nà àti owó orí ni ìpàdé wọ̀nyẹn ń bójú tó. Wọn kò dúró lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láti wọn ògiri rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1861, ilé alájà púpọ̀ kan ní High Street, Edinburgh, wó lulẹ̀ lóru, ó sì pa èèyàn 35. Ọmọkùnrin kan tó wà lábẹ́ àlàpà pariwo sí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa bá a lọ, òun kò tíì kú. Àwòrán orí rẹ̀ ṣì wà ní fífín sára ilé tó wà níbẹ̀ títí dòní. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlú yan Dókítà Henry Littlejohn láti bójú tó ìlera gbogbo ènìyàn. Ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1865, òfin àtúnṣe ìlú sì tẹ̀ lé e ní 1867. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ìwólulẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn tálákà tó ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn léèrè ibi tí wọn óò forí lé.

Patrick Geddes ló bi wọ́n. Ní Ballater ni wọ́n bí i ní 1854, onímọ̀ ewéko ni. Lẹ́yìn tóun àti Anna Morton ṣègbéyàwó ní 1886, wọ́n kó lọ sí James Court, láàárín àwọn ilé ẹgẹrẹmìtì Old Town, apá àtijọ́ ìlú Edinburgh, tí àwọn olówó ti sá kúrò níbẹ̀. Àwọn àtàwọn aládùúgbò wọn jọ ń gbálẹ̀, wọ́n jọ ń kun ògiri, wọ́n sì sọ àwọn ilẹ̀ gbayawu tó wà láàárín ilé di ọgbà. Ohun tó ń wàásù ni pé kí wọ́n wó ìwọ̀nba tó bá pọn dandan, kí wọ́n tún ìyókù ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì ya pláànù ìlú kó tó ṣe ìwádìí nípa àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ní 1892, ó gba ilé ìṣọ́ kan nítòsí ilé olódi Edinburgh, ó sì sọ ọ́ di Outlook Tower, níbi tí ará ìlú ti lè gòkè lọ wo ìlú rẹ̀ láti òkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tó ń lọ sí Íńdíà ní 1914, ọkọ̀ ogun Emden ti Jámánì ri ọkọ̀ tó kó àwọn àwòrán àti àfihàn rẹ̀ sínú òkun. Ó tún òmíràn kó jọ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó sún mọ́ awọnlẹ̀ ayé àtijọ́ tó Geddes: ó dúró lórí ilẹ̀ náà kó tó sọ̀rọ̀.

Ìyókù ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Skọ́tlándì ní ìgbìmọ̀ páríìṣì tí wọ́n ń dìbò yàn láti 1895, òfin 1929 sì pa á rẹ́. Òfin 1947 kó àṣẹ lórí ètò ìkọ́lé lé kánsù lọ́wọ́. Ní 1969, ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí ìjọba ìbílẹ̀ tí adájọ́ Lord Wheatley darí dábàá pé kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ àdúgbò sílẹ̀. Ọdún kan náà ni ìròyìn Skeffington jáde ní Lọ́ńdọ́nù lórí ohùn ará ìlú nínú ètò ìkọ́lé, òun sì ni wọ́n sábà máa ń yìn. Èmi á kúkú yin àwọn ayálégbé àti onílé Govan ní Glasgow, tí àwọn ayàwòrán ilé ASSIST bá ṣiṣẹ́ láti 1972, tí wọ́n tún ilé alájà púpọ̀ wọn ṣe láìkúrò ládùúgbò.

Òfin 1973 dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 1975. Ó ní kí ìgbìmọ̀ àdúgbò máa wádìí ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn rẹ̀, kó kó o pọ̀, kó sì sọ ọ́ fún àwọn aláṣẹ. Olùdìbò 20 péré ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí kánsù tó ṣètò ìdìbò. Àtúntò kan náà ló pa àwọn burgh rẹ́, ó sì pa kóòtù Dean of Guild rẹ́ pẹ̀lú wọn. Àwọn aládùúgbò rí ẹnu gbà, wọ́n sì pàdánù kóòtù.

Láti 1996, dandan ni kí kánsù gbọ́ ti ìgbìmọ̀ àdúgbò tó bá béèrè pé kí wọ́n gbọ́ tòun lórí ìwé ẹ̀bẹ̀ ìkọ́lé. Nǹkan bí 1,200 nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣe é. Òfin 2019 jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò kọ pláànù àdúgbò tiwọn. Bí kánsù bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rò ó mọ́ tirẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe pláànù ìdàgbàsókè. Nígbà tí òfin yẹn wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Edinburgh, àwọn kan bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ará àdúgbò náà ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bí kánsù bá fọwọ́ sí ilé tí wọ́n lòdì sí, bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ṣe ní in nígbà tí wọ́n bá kọ̀ fún un. Àwọn aṣòfin kò gbà. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ṣì lè gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ síwájú àwọn mínísítà. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló kù fún aládùúgbò rẹ̀, pẹ̀lú owó lọ́yà. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi dù wọ́n lọ́dún yẹn kò tó ìdajì èyí tí aládùúgbò ní níwájú Dean of Guild, ó sì yẹ kí wọ́n gbà á padà.