Bí Faransé tó ní bàálù ṣe fìdí rẹmi ní Dien Bien Phu

Ìbéèrè: Bàálù wà lọ́wọ́ Faransé, ṣọ́jà tó mọṣẹ́ wà. Àwọn ajìjàgbara Vietnam, tó fẹ́ gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ Faransé tó ń ṣàkóso rẹ̀, kò ní bàálù kan ṣoṣo. Báwo ni wọ́n ṣe wá ṣẹ́gun?

Ìdáhùn: Bàálù yẹn gan-an ló kó bá Faransé. Ní oṣù Kọkànlá 1953, wọ́n já ṣọ́jà sílẹ̀ láti ojú ọ̀run sí àfonífojì Dien Bien Phu, lẹ́bàá ààlà Laos. Ọ̀gágun Navarre, olórí ogun Faransé níbẹ̀, fẹ́ dí ọ̀nà Laos mọ́ àwọn Viet Minh, ìyẹn ẹgbẹ́ ajìjàgbara tí Ho Chi Minh ń darí, kó sì tàn wọ́n jáde sí gbangba. Àárín ọ̀tá nibẹ̀ wà. Oúnjẹ o, ọta o, oògùn o, bàálù ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Òkè sì yí ibẹ̀ ká: ẹni tó bá gba orí òkè ló ni pápá tí bàálù ń balẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Ṣé Faransé kò rí àwọn òkè náà ni?

Ìdáhùn: Wọ́n rí i. Wọ́n kàn gbà pé kò sẹ́ni tó lè gbé àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, débẹ̀ ni. Piroth, ọ̀gá àwọn tó ń yin àgbá fún wọn, fọ́nnu pé kò sí àgbá Viet Minh tí yóò yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí òun tó fọ́ ọ.

Vo Nguyen Giap, tíṣà ìtàn tó di ọ̀gágun Viet Minh, ní kí wọ́n fi okùn wọ́ àgbá gun òkè. Àwọn àgbá tí China fún wọn yìí, òmíràn wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1954, Giap ní kò tíì yá, kí wọ́n wọ́ gbogbo rẹ̀ padà. (Ẹ wo ẹni tí okùn ti bó lọ́wọ́!) Níbi tí wọ́n ti ń wọ́ ọ padà, àgbá kan yọ̀, ọmọ ogun kan, To Vinh Dien, ju ara rẹ̀ sábẹ́ táyà rẹ̀ kó má bàa já sí kòtò, ó sì kú. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbẹ́ ihò sínú òkè, wọ́n ki àgbá bọ̀ ọ́. Bàálù Faransé ń fò kọjá lórí rẹ̀, kò rí i.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní ọjọ́ 15, Piroth fi bọ́ǹbù ọwọ́ pa ara rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, bàálù kò lè balẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ta ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó wà lórí òkè?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ akẹ́rù, àti kẹ̀kẹ́ rẹpẹtẹ. Wọn kì í gùn ún, ńṣe ni wọ́n ń tì í. Wọ́n á so ọparun mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó lè ṣeé darí, ẹyọ kan á sì ru ju igba kílò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náà, Peugeot ni, Faransé ló ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ará Faransé nìkan ni Viet Minh mú nígbèkùn?

Ìdáhùn: Rárá o. Nígbà tí ibùdó náà ṣubú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, àwọn tí wọ́n mú lé ní 10,000, àwọn ará Mòrókò, Àlùjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń jà fún Faransé sì wà nínú wọn. Kò pé oṣù mẹ́fà sí i tí àwọn ajìjàgbara Àlùjíríà fi gbé ìbọn sí Faransé nílẹ̀ tiwọn.