Ta ló ń ṣí fèrèsé inú kọ̀ǹpútà?

Ilé tí wọn ò tíì kọ́ kò lè ní ayálégbé. Síbẹ̀, kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́, ẹnjinníà ti fẹ́ mọ̀ bí yàrá òkè ṣe máa gbóná tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sọ́fítíwíà ni wọ́n fi ń wá ìdáhùn: EnergyPlus, ọ̀fẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń náwó sí, tó sì kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2001, tàbí IES VE, tó gbajúmọ̀ ní Britain. Wọ́n á ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á fún un ní fáìlì ojú ọjọ́ tó ní wákàtí 8,760 tó wà nínú ọdún, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣírò ooru yàrá kọ̀ọ̀kan láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Ògiri kì í dààmú ẹnikẹ́ni, gíláàsì náà kò le. Fèrèsé ló ń fa ọ̀rọ̀. Oòrùn ò tọrọ àyè kó tó ràn wọlé, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti dìde kí fèrèsé tó ṣí, ẹni yẹn ò sì sí nínú kọ̀ǹpútà. Òfin tí ẹnjinníà bá kọ síbẹ̀ ló dúró fún ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí òfin náà ń darí ni afẹ́fẹ́, ọ̀nà méjì sì ni EnergyPlus ń gbà ṣírò rẹ̀. Èyí tó rọrùn ń wo bí ojú fèrèsé ṣe fẹ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ òde ṣe ń sáré tó, àti ìyàtọ̀ ooru inú sí ti òde, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń gbà jáde, títutù á sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ ká mú ti afẹ́fẹ́ nìkan. Bí ibi tó ṣí bá jẹ́ 1 m², tí afẹ́fẹ́ ń kọjú sí i tààrà ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sọ́fítíwíà á fi 0.55 sọ ọ́ di púpọ̀, á sì rí 1.1 m³ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yà kúrò níwájú fèrèsé, 0.55 yẹn á máa sọ̀kalẹ̀ títí dé 0.3. Yàrá tó gba 40 m³ afẹ́fẹ́ á ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Iye yìí máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ọ̀nà kejì ni AirflowNetwork. Ó so yàrá pọ̀ mọ́ yàrá, ó ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ògiri iwájú àti bó ṣe ń fa ti ẹ̀yìn, ó sì ń tẹ̀ lé e láti fèrèsé kan gba ẹnu ọ̀nà kọjá sí fèrèsé kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí atẹ́gùn ṣe ń la ilé já kò gbọdọ̀ sá fún un.

Ọ̀nà yòówù kí wọ́n yàn, ibi tó ṣí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ, kì í ṣe bí gíláàsì ṣe tóbi tó. Ẹni tó bá ti gbé ilé onífèrèsé sliding mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ló lè ṣí, ìdajì kejì á máa dúró lẹ́yìn èkejì rẹ̀. Louvre àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń yọ dànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán. Àwọn fèrèsé ilé gíga ní London sì sábà máa ń ní irin tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí kọjá 100 mm, kí ọmọdé má baà já bọ́.

Nínú AirflowNetwork, wọ́n á yan irú ìdarí kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. NoVent túmọ̀ sí pé fèrèsé ò ní ṣí rárá. Constant á ṣí i nígbàkigbà tí àtẹ àkókò, ìyẹn wákàtí tí ẹnjinníà kọ pé fèrèsé lè ṣí, bá ti gbà á láyè, òjò ni o, yìnyín ni o. Temperature ń béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ṣé yàrá gbóná ju òde lọ? Ṣé ó ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀? Ṣé àtẹ àkókò fọwọ́ sí i? Àfi kí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Enthalpy jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ ooru nígbà tó bá ń fi inú wé òde.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ká ní ilé kan wà ní Manchester, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ń gbé yàrá dúró sí 21°C, ẹnìkan wá fi 20°C sínú òfin fèrèsé. Oṣù kìíní dé, òde wà ní 3°C. Yàrá gbóná ju òde lọ, ó sì ti kọjá 20. Fèrèsé ṣí. Otútù rọ́ wọlé, ẹ̀rọ jó gáàsì sí i, yàrá ò kúrò ní 21, fèrèsé ò sì padé. Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n á fi jọ máa jà. Kọ̀ǹpútà ò ní pariwo, torí ìṣírò rẹ̀ pé pérépéré. Iye gáàsì tó máa kọ jáde ló máa tú àṣírí.

Àwọn kan gbà pé EnergyPlus á dín ṣíṣí náà kù fúnra rẹ̀ bí òde bá tutù jù. Lóòótọ́, ó láyè fún un, ṣùgbọ́n iye tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ìyàtọ̀ inú sí òde bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí ìwọ̀n 100. Ilé Manchester wa ní ìyàtọ̀ 18, nítorí náà fèrèsé rẹ̀ á ṣí dé ìdá 82 nínú 100 láàárín otútù yẹn. Kí wọ́n gbé ìwọ̀n fèrèsé kọjá ti ẹ̀rọ amóoru, kí ó sì wà nísàlẹ̀ ti ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n dín 100 yẹn kù sí nǹkan bíi 15. Níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà, ìdarí mìíràn wà tó ń pa á nígbà tí fèrèsé bá ṣí.

Wàhálà kejì ni fèrèsé tó ń ṣí, tó ń pa, bí ìyẹ́ adìẹ. EnergyPlus sábà máa ń ṣírò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí òfin bá sọ pé kí fèrèsé ṣí tán ní 22°C, yàrá á dé 22.1, fèrèsé á ṣí gbayawu, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá afẹ́fẹ́ inú yàrá wa òkè yẹn á ti pààrọ̀ ju ìgbà 16 lọ. Yàrá já sí 19. Fèrèsé pa. Ògiri tó ti mu ooru tún mú yàrá gbóná, fèrèsé tún ṣí. Kò sí ẹ̀dá alààyè tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí fèrèsé máa ṣí díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ iye ìṣẹ́jú tó kéré jù tí fèrèsé gbọ́dọ̀ fi wà ní ṣíṣí kó tó lè pa.

Ìjọba England kọ ọ̀nà ṣíṣí díẹ̀díẹ̀ yìí sínú ìlànà ilé gbígbé tuntun, Approved Document O, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ṣáájú rẹ̀, TM59, ìlànà yíyẹ ilé gbígbé wò bóyá ó máa gbóná jù, tí CIBSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjinníà ilé ní Britain, gbé jáde ní 2017, gbà kí fèrèsé ṣí tí yàrá bá ti kọjá 22°C, tí èèyàn sì wà níbẹ̀. Document O sọ pé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní 22°C, kó ṣí tán ní 26°C. Nínú IES, ìlà kan ṣoṣo tó: ramp(ta,22,0,26,1). Nínú rẹ̀, “ta” dúró fún ooru yàrá; ní 24, fèrèsé á ṣí dé ìdajì.

Ti òru ló gba ọgbọ́n. Bí yàrá bá ju 23°C lọ ní aago mọ́kànlá, tí ó wà lókè níbi tí ọwọ́ olè ò tó, kí fèrèsé ṣí tán títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Òfin gbọ́dọ̀ rántí ohun tó rí ní aago mọ́kànlá. Àtẹ àkókò lásán ò ní ìrántí, nítorí náà wọ́n á kọ ètò kékeré nínú EnergyPlus tó máa tọ́jú iye yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fèrèsé ìsàlẹ̀ ilé tí èèyàn lè gbà wọlé gbọ́dọ̀ wà ní títì lóru. Bí ariwo inú yàrá bá sì ju 40 dB lọ ní ìpíndọ́gba lóru, ìlànà gbà pé ẹni tó ń sùn á ti pa fèrèsé rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, TM59 gba yàrá ibùsùn láyè pé kó ju 26°C lọ fún wákàtí 32 péré lọ́dún, láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí méje àárọ̀. Ẹni tó kọ òfin fèrèsé lọ́nà tí kò tọ́ lè rí 15 níbi tí 60 wà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kó òfin England yìí lọ sí Èkó láìfọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sán oṣù kẹta, òde lè wà ní 33°C, yàrá ní 31. Temperature á ti fèrèsé, torí òde gbóná ju inú lọ. Ará Èkó á ṣí tirẹ̀, torí atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára ló ń wá, sọ́fítíwíà ò sì rí ìyẹn nínú ooru afẹ́fẹ́. Constant pẹ̀lú àtẹ àkókò tó dára sún mọ́ ìṣe rẹ̀ jù, kí wọ́n sì dín iye tó ń wọlé kù nítorí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà yẹ kó ní wákàtí tirẹ̀ nínú àtẹ yẹn.

Kí wọ́n tó gbà èsì kankan gbọ́, kí wọ́n ní kí sọ́fítíwíà tẹ iye tí fèrèsé ṣí jáde fún ọjọ́ méjì, ọ̀kan tó gbóná jù àti ọ̀kan tó tutù jù. Bí ìlà náà bá rí bí eyín ayùn, òfin ṣíṣí díẹ̀díẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Bó bá wà ní 0 láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ tó gbóná jù, àtẹ àkókò ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.